Àpò Kẹtàlá

Àpò òkúta àyẹ̀wò méjìlá ni Rawya, onímọ̀ nípa òkúta, fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì nínú aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn Íjíbítì. Nígbà tó tú ẹrù ní Káírò, mẹ́tàlá ló bá. Kò sí nọ́ńbà lára ìkẹtàlá. Èérún òkúta funfun kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Òkúta kì í purọ́ fún ẹni tó mọ èdè rẹ̀. Èròjà inú èérún kọ̀ọ̀kan ń sọ òkè tó bí i, bí ilà ojú ṣe ń sọ ìran. Bishoy, tó ń bójú tó ẹ̀rọ àyẹ̀wò, gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Irin ọ̀wọ́n tí wọ́n fi ń ṣe fóònù àti mọ́tò oníná kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Nínú méjìlá yòókù, tíntín ló wà.

Inú Rawya kò dùn, ó fura. Karrar ló rò pé ó fi í síbẹ̀, bàbá tó mú un mọ̀nà nínú aṣálẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé bí awakùsà bá dé, afinimọ̀nà ló kọ́kọ́ ń ríṣẹ́? Ó ní kí Bishoy tún un yẹ̀ wò, ó sì wakọ̀ padà sí aṣálẹ̀.

Ó bá Karrar níbi tó ti ń gún kọfí mọ́ atalẹ̀.

“Bàbá, ta ló fi òkúta sínú ẹrù mi?”

“Ọmọ iṣẹ́ yín ni.”

“Ọmọ iṣẹ́ wo? Ṣebí àwa méjì péré la lọ.”

“Dókítà, ẹ má fi mí ṣeré. Èyí tó ń tẹ̀ lé wa ńkọ́? Mo kí i, ó kàn fọwọ́ bo ẹnu ni.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo rí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ará Káírò.”

“Irọ́ yìí mà dùn o.”

Fóònù dún. Bishoy ni.

“Ẹ̀gbọ́n, òkúta kọ́ o. Eyín èèyàn ni.”

“Orí ẹ pé ṣá?”

“Èròjà kan náà ni Ọlọ́run fi dá eyín àti òkúta tí à ń wá, òun ló tàn wá jẹ. Ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún nínú ilẹ̀, ó ti mu irin ibẹ̀ yó.”

Rawya sọ ohun tí Bishoy rí fún Karrar, ó sì rántí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. “Bàbá, níbo lọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa?”

Karrar mú un lọ sí ẹsẹ̀ òkè dúdú kan. Òkìtì òkúta ló kún ibẹ̀.

“Ẹrú ló wà lábẹ́ òkìtì wọ̀nyí. Àwọn ọba àtijọ́ ló fi wọ́n wa góòlù. Tẹ̀wọ̀n-tẹ̀wọ̀n ni wọ́n sin wọ́n.”

“Kí ló wá fẹ́ lọ́wọ́ mi?”

“Ó fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé bí ẹ ò bá rí irin ọ̀wọ́n níbí, kò sẹ́ni tó máa wá hú òun, ló ṣe fi eyín rẹ̀ sẹ́rù yín.”

Rawya kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkìtì. Ó ka igba, kò tíì dé ìdajì, ló bá bojú wẹ̀yìn. Ìró ẹ̀wọ̀n ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.