Ẹni Tí A Fi Kọrin Ló Ń Kọ́kọ́ Rẹ́rìn-ín

Rọ̀kíbátù, tó máa ń bá Mùlíkátù gbe orin, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ẹja la jọ ń yan lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ilé tó bá máa tú, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń jí gbé níbẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìjà bẹ̀rẹ̀ nílé Mùlíkátù ní Ìkòròdú. Mùlíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di ẹní mú. Ẹní yẹn ni wọ́n máa ń ta bo fèrèsé bí wọ́n bá fẹ́ gba orin sínú ẹ̀rọ, kí ariwo títì má bàa wọlé. Súbérù ọkọ rẹ̀, tó ń tún giramafóònù ṣe, ló yá ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Adélàjà, ọkùnrin tó ń ta àwo orin ní Èkó. Wọn á lé adìẹ jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé, Mùlíkátù á sì kọrin ẹ̀fẹ̀. Ohùn orin tí gbogbo ayé mọ̀ ló máa ń mú, orin ìyàwó tàbí orin ìkómọ. Á yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò, á fi ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín rọ́pò.

"Kúlúsúmù ni yóò kọ ọ́ lónìí," ni Súbérù wí. "Ohùn tìrẹ ti há."

"Ta ló ṣe orin náà, Bàbá wa?"

Kúlúsúmù, ìyàwó tuntun tó fẹ́ láti Ìgbògbò, ti jókòó sídìí ẹ̀rọ. "Ìyáálé, ẹ fara balẹ̀. Orin kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí èèyàn ń nìkan dì mú."

"Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń se é ni kì í mọ̀ pé ó ń joni lọ́wọ́."

Ni Kúlúsúmù bá bọ́ aṣọ ọ̀wọ̀ sílẹ̀. "Orin nìkan ni ìwọ bí nílé yìí. A kì í sì í sọ orin lórúkọ."

Mùlíkátù wo ojú ọkọ rẹ̀. Súbérù ń fọwọ́ nu ẹ̀rọ. Èmi ní tèmi, ọkùnrin tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ tó dákẹ́, òun gan-an ló sọ ọ́.

Mùlíkátù ta ẹní sí fèrèsé. Ó kọ́ orogún rẹ̀ ní gbogbo orin náà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, nítorí ó rò pé ìfẹ́ ọkọ lè padà bí a bá ní sùúrù. Súbérù sì gbé Àlùkùránì, ó búra fún Adélàjà pé Kúlúsúmù ló ṣe orin gbogbo. Orúkọ Kúlúsúmù ni wọ́n kọ sára àwo. Ìlú fẹ́ràn orin ẹja jù lọ, èyí tó sọ nípa ìyá arúgbó kan tó ń bá ẹja inú agbọ̀n rẹ̀ jà.

Ohun kan wà tí Kúlúsúmù kò kọ́. Ẹnikẹ́ni tí Mùlíkátù bá fẹ́ fi kọrin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé orin náà lọ. Bí onítọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, orin á jáde. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, Mùlíkátù á gbé e mì, kò ní kọ ọ́ mọ́ láé. Ó máa ń sọ pé ẹ̀fẹ̀ tí kò bá pa ẹni tí a fi ṣe é lẹ́rìn-ín, èébú ni.

Kúlúsúmù ṣe orin tirẹ̀, ó ní òun náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi apẹja kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lórí ọ̀sà kọrin, ó ní ó ń ké bí òbúkọ. Súbérù ló gbà á sínú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ Àlímì, ẹ̀gbọ́n Súbérù, inú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló kú sí, lójú ìyá wọn tó dúró létí omi. Súbérù mọ̀. Ó rò pé Ẹ̀pẹ́ jìnnà ni.

Wọ́n lu àwo náà níbi ìkómọ kan ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá Àlímì sì gbọ́ ọ. Nígbà tí ìbínú àwọn ẹbí dé Ìkòròdú, Súbérù ní, "Mùlíkátù ló ṣe ìyẹn. Ìlara ló mú un."

"Ìyáálé ló kọ́ mi," ni Kúlúsúmù gbè é lẹ́sẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo tẹ̀lé."

"Súbérù, ojú Ọlọ́run rèé," ni Mùlíkátù wí.

"Kó ẹrù rẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àgbà á wá lé ọ jáde."

Rọ̀kíbátù ní kì í ṣe ọkọ ni Mùlíkátù ń sunkún rẹ̀. Kò ní ìyá mọ́. Ìyá Àlímì ni ìyá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń tún sọ ni pé, "Wọ́n ti gbà á gbọ́. Ìyá mi ti gbà á gbọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà jókòó. Adélàjà náà wá, nítorí àwo rẹ̀. Ìyá Àlímì wọlé, ìró rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Ìyá, ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ bá wá?" ni Rọ̀kíbátù bi í. Láti ìgbà ikú Àlímì, ìyá náà kò fẹsẹ̀ kan ọ̀sà mọ́.

"Òun ló yá jù. Kí ni omi tún kù tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Ó yíjú sí Kúlúsúmù. "Ìyàwó mi, orin ẹja yẹn, ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ibi tó ti ní ẹja ń wo òun bí ọkọ tí wọn kò bu ẹran fún ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Ìyá Àlímì wí jẹ́jẹ́. "Nídìí ààrò mi ni. Mùlíkátù wá tọrọ àyè láti fi mí kọrin. Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi bọ́ sínú eérú, mo ní kó fi ìyẹn kún un. Ìwọ ò tíì mọ ọ̀nà ilé yìí nígbà náà."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Súbérù, ta ló wá tọrọ àyè kó tó fi Àlímì kọrin? Mùlíkátù kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ. O gbọ́ igbe ẹ̀gbọ́n rẹ, o sì ń gbà á sílẹ̀."

Kúlúsúmù yíjú sí ọkọ rẹ̀. "O ò sọ fún mi. Ẹ̀rín lo ń rín nígbà tí mo ń kọ ọ́."

Súbérù dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní kó dìde. Adélàjà di ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpótí, ó búra pé òun ò ní ta àwo wọn mọ́. Kúlúsúmù padà sí Ìgbògbò. Níbẹ̀, bí wọ́n bá ní kó fi orin ẹ̀fẹ̀ kan dá àwọn lára yá, kì í rí nǹkan kan sọ. Kò sì sẹ́ni tó tún gbé giramafóònù wá fún Súbérù, nítorí ta ni yóò gbé nǹkan ilé rẹ̀ fún ẹni tó fi Àlùkùránì búra èké?

Adélàjà bẹ Mùlíkátù pé kó jẹ́ káwọn gba orin rẹ̀ lọ́tun, lórúkọ tirẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ẹ̀rín rí ná."

Nígbà tí Mùlíkátù ń bá Ìyá Àlímì lọ sí Ẹ̀pẹ́, Súbérù tẹ̀ lé wọn dé etí omi, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àlímì fà sẹ́yìn bó ṣe rí ọ̀sà. Mùlíkátù dì í mú, wọ́n jọ wọnú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò, Súbérù fi ohùn rẹ̀ tó ti há bẹ̀rẹ̀ orin ẹja náà, bóyá Mùlíkátù á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Mùlíkátù fi ìró gbígbẹ bo orúnkún ìyá rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.