Ọgọ́sàn-án Ó Dín Mẹ́wàá

Kẹ́n. Kẹ́n. Ìró awò tí ń bọ́ sínú férémù irin nìyẹn. Inú yàrá yìí kan náà ni Sùúrù ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ọlọ́pàá, tí Dókítà ń yẹ ojú rẹ̀ wò tẹ̀ríntẹ̀rín. "Èyí ńkọ́? Èyí ńkọ́?" Kẹ́n. Ayé ìgbà náà dà bí ohun tí kò ní tán láé.

Lónìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dúrọ́ọ̀ kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ṣófo.

"Páálí lẹ́ǹsì mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú," ni Dókítà wí. "Ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Aago méjìlá ọ̀sán ló ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́. Bí n kò bá rí i kó tó dé, ọlọ́pàá ni màá pè fún ọmọ rẹ."

Ọmọ rẹ. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sùúrù lára bí abẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni Akọ̀wé ilé ìtọ́jú ojú yìí. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ máa ń wà. Sùúrù, bàbá rẹ̀, sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ṣẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ ní Sùúrù, nítorí pé kò ní in rárá.

Ó fa dúrọ́ọ̀ kìn-ín-ní. Àwọn férémù olówó ńlá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

"Olè wo ló ń fi wúrà sílẹ̀ gbé lẹ́ǹsì ẹlòmíràn?"

"Kò lè wúlò fún un," ni Dókítà dáhùn. "Ẹyinjú awakọ̀ yẹn kò rí róbótó. Ó fẹ̀ síbì kan bí ẹyin adìẹ. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ní igun tó gbọ́dọ̀ dúró sí lójú. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gbogbo nǹkan á máa ṣe bàìbàì."

"Igun wo?"

"Ọgọ́sàn-án ó dín mẹ́wàá." Bí màmá rẹ̀ àgbà ti ń kà lòun náà ń kà. Ó na káàdì awakọ̀ sí i. 170 ló wà níbẹ̀, ó hàn kedere.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Ọ̀kan lọ́rùn ọmọ rẹ, ọ̀kan nínú báàgì mi. Báàgì mi kì í sì í jìnnà sí mi."

"Bí ẹ bá ń wẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé kí n gbé báàgì wọ balùwẹ̀ ni? Ìwọ yìí!"

Sùúrù fi ìbínú pa dúrọ́ọ̀ dé. Ó pe ọmọ rẹ̀. Kò pè é ní ọmọ mi.

"Ta ló ṣí dúrọ́ọ̀ yìí kẹ́yìn?"

"Èmi ni. Nígbà tí páálí dé lánàá, Bọ̀dá Àrẹ̀mọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà fún mi, mo tì í mọ́nú ibẹ̀."

"O bọ́ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kí lo gbé e fún? Ta lo fẹ́ tà á fún?"

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò ó. "Bàbá mi, ẹ̀yin náà?" Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Orí Sùúrù gbóná. Ó já lu Bàbá Ìgbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ rí láàárọ̀ yìí?"

"Ìdọ̀tí. Òun ni wọ́n gbà mí fún."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣeré! Ta ló kọ́kọ́ dé?"

"Àrẹ̀mọ, ọmọ Dókítà. Ó tilẹ̀ kí mi. Ẹ rò ó wò ná! Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ níwájú rẹ̀, òní ló mọ̀ pé mo lẹ́nu." Ó ti ọwọ́ bọ àpò. "Ìwé yìí wà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀. Ó ya á sí méjì, kó tó rún un."

Ìwé tó bá páálí wá ni. Lórí rẹ̀, níwájú igun: 180.

Àrẹ̀mọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń nu awò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ ká kàn pe ọlọ́pàá, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Ìwọ lo máa ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń ra lẹ́ǹsì?"

"Èmi ni. Màmá á pe nọ́ńbà láti yàrá wọn, èmi á kọ ọ́ níhìn-ín."

"Ó dáa. Kọ èyí fún mi." Sùúrù ti bébà síwájú rẹ̀. "Ọgọ́sàn-án..."

Àrẹ̀mọ ti kọ 180. Ó ti gbé bírò sílẹ̀.

"...ó dín mẹ́wàá."

Àrẹ̀mọ sáré fi ọwọ́ bo 180 náà. Ìṣirò Yorùbá kì í fẹ́ ìkánjú. Ẹni tó gbọ́ orí rẹ̀ tí kò dúró gbọ́ ìrù, ọwọ́ òfo ló mú lọ.

Dókítà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Àrẹ̀mọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Màmá, ìgbà kẹta rèé!" Ó rún bébà náà mọ́ ọwọ́. "Ẹ ní bí mo bá tún ṣe àṣìṣe kan péré, Akọ̀wé lẹ máa fi jókòó síbí. Lánàá ni mo rí i pé 180 ló wà lára páálí. Kí awakọ̀ fi sójú lásán, àṣírí á tú. Nígbà tí ẹ ń wẹ̀ láàárọ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì yín, mo sì sáré wá síbí, ilé wa kò kúkú jìnnà. Mo kó wọn, mo tì í, mo sáré dá kọ́kọ́rọ́ padà sílé kí ẹ tó gbé báàgì. Wọ́n wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. Mo ti ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fẹ́."

"O wá fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bá ọ sun ọjọ́ mẹ́ta náà ní àtìmọ́lé," ni Dókítà wí.

Dókítà na ọwọ́, ó gba bírò lórí tábìlì.

"Dìde lórí àga yẹn." Ó yíjú sí Sùúrù. "Pe ọmọ wa kó padà wá."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ̀sùn kàn án. Ẹ pè é fúnra yín."

"Mo fẹ̀sùn kàn án lóòótọ́. Àmọ́ ìwọ tí o jẹ́ bàbá rẹ̀, o gbà á gbọ́."

Sùúrù bọ́ síta. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: A ti mú olè. Ó pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: Ọ̀gá rẹ ní kí o padà wá. Ó pa ìyẹn náà rẹ́, ó ṣépè fún fóònù. Awakọ̀ ti ń bọ̀ lókèèrè kí ó tó rí èyí tó fi ránṣẹ́:

"Ọmọ mi, ọwọ́ ti tẹ olè. Kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló yẹ kí n ti mọ̀ pé ìwọ kọ́. Má tíì dárí jì mí. Ṣáà ṣílẹ̀kùn bí mo bá kànkùn."