Màrìwò Lẹ́nu Ọ̀nà Abà

"Ọpẹ́yẹmí, jókòó. Má dúró bí ẹni tó fẹ́ sá."

Ọpẹ́yẹmí jókòó, àyà rẹ̀ sì já. Yẹmí ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é. Ọjọ́ tó bá pe Ọpẹ́yẹmí ní kíkún láàárọ̀ kùtùkùtù, kí olúwa rẹ̀ yáa múra.

"Níbo ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ lójoojúmọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Òmù, Bàbá."

"Ohun tí òun sọ nìyẹn. Ohun tí ìwọ mọ̀ ni mo bi ọ́." Bàbá Ògúnníyì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn kan rí i láàárín àwọn tó gbé kámẹ́rà wá láti Èkó. Ìyá yín wà ní Àbújá, ó ń wẹ ọmọ tuntun fún ẹ̀gbọ́n yín. Èmi nìkan ló kù ní ulé yìí. Máa ṣọ́ Rìnsọ́lá fún mi. Ohunkóhun tí o bá rí, wá sọ fún mi. Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ! Bó ti ń sọ̀rọ̀ yìí, fóònù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dí i lẹ́nu wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Adérìnsọ́lá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti jáde yunifásítì, kò sì tíì ríṣẹ́. Òun ló fún àbúrò rẹ̀ ní fóònù náà, tó ní, "Bí Bàbá bá béèrè, Òmù ni mo wà o." Ọpẹ́yẹmí gbà wéré. Nínú gbogbo kíláàsì wọn, òun nìkan ni kò ní fóònù, ẹ̀sín náà sì ti sú u. Báyìí, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìfọkàntán bàbá wà lọ́wọ́ òsì. Ó rò pé ọgbọ́n lòun gbọ́n.

Lóòótọ́, fíìmù ni Rìnsọ́lá ń ṣe. Abà àtijọ́ kan wà lójú ọ̀nà oko láàárín Ìrè àti Òmù, tí kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ di àgọ́ ogun. Ìtàn ayé ogun Kírìjì ni fíìmù náà. Rìnsọ́lá ni arẹwà tí àwọn Èkìtì rán lọ sí àgọ́ ọ̀tá, kí ó fi ẹwà rẹ̀ fa balógun wọn mọ́ra, kí ó sì mọ ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ìfẹ́ balógun náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò sì mọ ẹni tí òun ń ṣiṣẹ́ fún mọ́.

Lọ́jọ́ tí Ọpẹ́yẹmí kọ́kọ́ lọ wò wọ́n lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, Kàbírù tó ń ṣe balógun jókòó sórí ẹní. Rìnsọ́lá bu ẹmu fún un, ó fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu ló fi ń rẹ́rìn-ín o. Ojú rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀tù ìbọn káàkiri àgọ́. Lójú Ọpẹ́yẹmí, ó dà bíi pé òun gan-an ni wọ́n ń ya.

"Ṣé ó dáa?" Rìnsọ́lá sáré wá bá a. "Ìwọ lọ̀rẹ́ mi nílé yẹn, Yẹmí. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ."

Ó yẹ kó sọ fún un nígbà náà pé bàbá ti ní kí òun máa ṣọ́ ọ. Ó la ẹnu, ó rántí fóònù, ó pa ẹnu dé. Nígbà tó délé, bàbá bi í léèrè, ó ní, "Mo tẹ̀ lé wọn, Bàbá. Ilé-ìwé ni wọ́n wọ̀." Bàbá gbà á nù un! Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun Ọpẹ́yẹmí mọ́. Bí bàbá bá wúkọ́, a ta gìrì. Bí Rìnsọ́lá bá pè é, a rò pé àṣírí ti tú.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Rìnsọ́lá ló kọ́kọ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀la la máa ya ibi tí obìnrin náà ti sùn sí àgọ́ balógun. Aṣọ mi ò ní kúrò lára mi, mo ti bá dàrẹ́kítọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá rí mi lórí ẹní kan náà pẹ̀lú ọkùnrin, ó parí."

Kò pẹ́ ni bàbá ń pọ́n àdá lẹ́yìnkùlé. "Ọ̀la, mà á gba ọ̀nà abà lọ wo ẹ̀gẹ́ mi. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ," ló wí fún Ọpẹ́yẹmí.

Háà! Bí Ọpẹ́yẹmí bá sọ fún Rìnsọ́lá, yóò fẹ́ mọ ìdí tí bàbá fi sọ ọ́ fún un ní bòńkẹ́lẹ́. Bó bá dá bàbá dúró, yóò bi í ní ìdí. Ìgbà náà ni màrìwò wá sí i lọ́kàn.

Ta ni ọmọ Ìrè tí kò mọ̀ ọ́n? Ibi tí wọ́n bá ta màrìwò ọ̀pẹ tútù sí lójú ọ̀nà, Ògún ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá nìyẹn, àfi àwọn tó bá ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ògúnníyì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ ó ń bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn baba rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún.

Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn onífíìmù ti kọjá, Ọpẹ́yẹmí gé màrìwò lára ọ̀pẹ kékeré kan. Ó so ó láti igi kan sí èkejì ní oríta, ó sì fara pa mọ́ sínú igbó. Bàbá dé. Ó rí màrìwò, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Inú Ọpẹ́yẹmí dùn débi pé ó sáré dé abà.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo koríko ti gbẹ. Wọ́n ti tan ògùṣọ̀ yí àgọ́ ká kí ó lè rí bí àgọ́ ogun. Rìnsọ́lá dùbúlẹ̀, Kàbírù jókòó tì í, dàrẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn kan fẹ́, ògùṣọ̀ kan ṣubú sórí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi bo àgọ́. Wàì! Iná ti gba òrùlé. Kàbírù bẹ́ síta. Òpó àárín já lé Rìnsọ́lá lẹ́sẹ̀. Igbe rẹ̀ gba gbogbo oko. Kàbírù tún padà wọlé, ó sì fà á jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti kán, iná sì ti jó o.

Ọkọ̀ wọn ti gba ọ̀nà Òmù lọ ra oúnjẹ ní ìlú Ọyẹ́. Ọpẹ́yẹmí fa fóònù yọ, ó pe Níyì, ọlọ́kadà àdúgbò wọn. "Ẹ̀gbọ́n Níyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn èèyàn wá sí abà! Àǹtí mi ń kú lọ!"

Wọ́n dúró. Wọn kò rí ẹnì kankan. Rìnsọ́lá ń kérora, ojú rẹ̀ ti funfun. Ọpẹ́yẹmí tún pè.

"A ti dé oríta," ni Níyì wí. "A ń rí èéfín náà. Ṣùgbọ́n Ògún ti dínà, Yẹmí. Wọ́n ti lọ pe àwọn àgbà kí wọ́n wá ṣí i."

Màrìwò tí ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ so nìyẹn. Ó sáré. Ẹ̀gún ń fà á láṣọ, bàtà kan bọ́, kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tó dé oríta, àwọn ọlọ́kadà ti to ara wọn sí òdìkejì màrìwò. Bàbá rẹ̀, tí èéfín náà ti fà padà wá, wà níwájú wọn, ó mú àdá lọ́wọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Yẹmí! Kí lo ń ṣe lẹ́yìn màrìwò?"

"Èmi ni mo so ó, Bàbá! Kì í ṣe àwọn àgbà. Mo fẹ́ kí ẹ padà ni. Àǹtí mi ń ṣe fíìmù, mo mọ̀, mo parọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ wọn ti jóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa màrìwò náà já lójú gbogbo wọn.

Bàbá ló kọ́kọ́ kọjá, ó ń sáré.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Rìnsọ́lá lọ, wọ́n ní yóò máa tiro. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà Ògún pe Bàbá Ògúnníyì àti ọmọ rẹ̀. Ọpẹ́yẹmí kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ṣùgbọ́n ojú Rìnsọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì ló le jù fún un láti wò.

"Bàbá ní ìwọ lòun ní kó máa ṣọ́ mi. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni, Àǹtí mi."

"Ìwọ tí mo pè lọ́rẹ̀ẹ́."

Bàbá da ojú bolẹ̀. "Èmi ni kí o bínú sí. Ó yẹ kí n bi ọ́ fúnra mi, kí n má fi àbúrò rẹ ṣe amí."

"Èmi náà ni mo fi fóònù ra ẹnu rẹ̀, Bàbá," ni Rìnsọ́lá wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ọpẹ́yẹmí gbé fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Rìnsọ́lá tì í padà sí i. "Mú un lọ. Kì í ṣe fóònù ni mo fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Ọpẹ́yẹmí. Ó wá yé e pé irọ́ tí òun pa káàkiri kò dáàbò bo ẹnì kankan. Bàbá kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, Rìnsọ́lá kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun, nígbà tí ewu sì dé, irọ́ náà ló dínà mọ́ ìrànlọ́wọ́.

Nígbà tí Rìnsọ́lá padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá, bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ké sí Ọpẹ́yẹmí.

"Yẹmí, níbo ni ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ lọ tó ń múra yìí?"

Àyà rẹ̀ tún já bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò wá irọ́ kankan lọ́tẹ̀ yìí.

"Wọ́n wà nínú yàrá, Bàbá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n wá, kí ẹ̀yin méjèèjì bá ara yín sọ ọ́."