Ẹni Tó Bá Fẹ́ Iná, Kó Bù Ú Sí Àwo Tirẹ̀

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira Gabon, ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, Tàwàkálítù, tí gbogbo àdúgbò Lalala ń pè ní Ìyá Àlíù, jí, ó kírun, ó sì wọ ilé ìdáná rẹ̀ bí ọba tó ń wọ ààfin. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sílé ṣí. Àpèkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ṣakí, ó sì ti ránṣẹ́ pé, "Wá jẹ́ kí n rí ọ kí ojú mi tó pa dé." Ẹrù ti dì, ó sì ti wà ní èbúté. Ó ku kó se ọbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá dágbére fún un.

Ilé ìdáná yẹn ni ohun ìyangàn rẹ̀. Àpò ata gbígbẹ méjì, tí ọkọ̀ Èkó gbé wá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lórí pẹpẹ ni ìgò ata lílọ̀ wà, pẹ̀lú epo àdíntúndín tó ti dúdú, obì nínú igbá, ìkòkò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó fi omi ògì kíkan rẹ, àti páálí oògùn ẹ̀fọ́rí tó ń gbé mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Lójú Ìyá Àlíù, ẹni tó bá wà ní ìdálẹ̀ tó sì jáwọ́ nínú ata, onítọ̀hún ti gbàgbé ilé. Bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá pa Régine lẹ́kún, ìyẹn ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gabon, á rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ ńlá á fi mi àpótí jìgìjìgì.

"Màmá, ata yìí ti pọ̀ jù," Régine wí. "Ó di oṣù mẹ́ta tí inú ti ń run yín."

"Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. Ọmọ ẹlẹ́ja inú ewé, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewé di ẹja sun, kí lo mọ̀ nípa ata? Bí mo bá só báyìí, ògiri yìí á gbiná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu àgbo kíkan mu láìtíì jẹ nǹkan kan, ó sì fi gbé oògùn ẹ̀fọ́rí méjì mì.

Ohun kan ṣoṣo ni kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà títì, tó sì ń rùn lọ́nà tí kò rùn rí. Obìnrin tó ń fi ìdí gbogbo àdúgbò ṣe ẹ̀fẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ ti ìdí ara rẹ̀. Ńṣe ló ń bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí ológbò.

Ó ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òòyì kọ́ ọ. Ó di pẹpẹ mú, ó bì, ohun tó jáde sì dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ó wó lulẹ̀ tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Régine kò dúró pe ẹnikẹ́ni. Ó sáré dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójú títì, wọ́n sì gbé ìyá sáàárín àpò sìmẹ́ńtì lọ sí lópítà, ìyẹn ilé ìwòsàn.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ní ọjọ́ Ẹtì, orí ibùsùn ló wà tó fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi. Ẹrù rẹ̀ ń lọ sílé, òun kò lọ.

Ògúndélé, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá láti Kétu, ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lè dìde jókòó, ọkùnrin náà fa àpótí sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ ka ohun tó wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná yín fún mi."

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni, tó o fi ń wádìí ìkòkò?"

Ó kà á fún un, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ògúndélé mi orí.

"Dókítà ní egbò wà nínú ikùn yín, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹ ò rí i ni?"

Ìyá Àlíù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo rí i."

"Ká ní ẹ ti wá nígbà tí inú kọ́kọ́ ń run yín, ẹ ò bá wà lójú omi báyìí."

"Ata ló ṣe mí báyìí?"

"Kì í ṣe ata nìkan. Ata kì í bá gbogbo ikùn jà, tiyín ló ń ta. Oògùn ẹ̀fọ́rí tí ẹ ń gbé mì ló burú jù, òun ló ń bó ikùn. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ láìbi dókítà. Àgbo kíkan náà ń ta egbò. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa débí láàyè."

"Kí wá ni kí n máa jẹ? Afẹ́fẹ́?"

"Oúnjẹ pọ̀, Ìyá. Ìrẹsì rírọ̀, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀, ẹja tútù, ẹyin sísè, ẹlẹ́gẹ́dé, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ògì tí kò tíì kan. Ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ebi pa yín jù, ẹ má sì jẹun tán kí ẹ dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ikùn yín bá kọ̀, kí ẹ̀yin náà kọ̀ ọ́. Kí ẹ sì lo oògùn dókítà tán, bí ara tilẹ̀ yá."

Oṣù kejì ni lẹ́tà dé láti Ṣakí. Àpèkẹ́ ti kú.

Ìyá Àlíù sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ọjọ́ kẹta, ó nu imú, ó wọ ilé ìdáná. "Régine, mú àpò wá." Ó da àgbo nù. Ó gbé epo dúdú sókè, ó ní, "Ìwọ yìí, ọkàn rẹ dúdú ju ara rẹ lọ," ó sì gbé e síta. Oògùn ẹ̀fọ́rí, ó fi ránṣẹ́ sí Ògúndélé. Ata, ó pín in fún àwọn aládùúgbò, ó ku ìgò kékeré kan fún ẹni tí ikùn rẹ̀ bá gbà á.

Àwọn méjèèjì lọ sọ́jà. Ìrẹsì àti iṣu gba ipò àpò ata. Wọ́n ra tàtàṣé tí kò ta, kí ọbẹ̀ lè pọ́n, wọ́n ra efinrin fún òórùn, àti epo tuntun níwọ̀nba. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ ò wọ́n nínú àwo ọlọ́mọrí, kí ebi má baà bá a lójijì. Ìyá Àlíù sì jókòó síwájú ọmọ ẹlẹ́ja inú ewé láti kọ́ṣẹ́ ẹja dídì. Èyí tó kọ́kọ́ dì, ó dì í bí ẹni so ìtẹ́dìí ọmọ, ẹja sì yọ́ bọ́ sínú iná. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ìgbà tí ìpàdé àwọn obìnrin Yorùbá kan ilé rẹ̀, ohun tó gbé fún wọn nìyẹn: ìrẹsì, ọbẹ̀ tàtàṣé, àti ẹja inú ewé. Ó gbé àwo ata lílọ̀ kékeré sáàárín. Sìlífátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Glass, tú ewé wò, ó yínmú.

"Ìyá Àlíù, oúnjẹ aláìsàn lo gbé ka iwájú àgbà? Wọ́n ti sọ ọ́ di ará ibí. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Ṣakí ńkọ́?"

"Ẹni tí ì bá gbọ́ ní Ṣakí ti kú."

Ìyá Àlíù na ọwọ́ sí àwo ata.

"Ata ilé ni mo rọ̀ mọ́, Sìlífátù, kò sì gbé mi délé. Ẹ̀gbọ́n mi wọlẹ̀ láìrí mi. Mi ò ní se ikú mọ́ torí kí àlejò lè yìn mí. Ata rèé láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ iná, kó bù ú sí àwo tirẹ̀. Ẹ sì gbọ́ èyí tó tì mí lójú jù: ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣu dúdú, tí mo ń bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ nínú yín, kó pariwo, kó gba lópítà lọ."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan bo ojú. Sìlífátù pòṣé, ó bu ata ṣíbí mẹ́ta sórí ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sìlífátù ló ń kan ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ di ikùn mú.

"Ìyá Àlíù, nọ́ọ̀sì Nàgó yẹn... ìgbà wo ló máa ń wà níbi iṣẹ́?"

"Ó ti dúdú?"

"Láti ìjẹta."

Ìyá Àlíù kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wé gèlè, ó di apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n jáde.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, dìde, lọ wo pẹpẹ ilé ìdáná rẹ. Èwo nínú ohun tó wà níbẹ̀ ló ń bọ́ ọ, èwo lò ń tọ́jú nítorí ẹnu ará àdúgbò? Bí ikùn rẹ bá ń ké, má fi àgbo àti oògùn ẹ̀fọ́rí pa á lẹ́nu mọ́. Bí o bá rí dúdú, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtìjú ò ní bá ọ gba ẹ̀jẹ̀ padà, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í dúró de ẹni tó wà lórí ibùsùn.