Ọkùnrin Tí Kò Lè Fọ Abọ́

Àárọ̀ ọjọ́ tí Lọ́pẹ́ kọ́kọ́ rí Ọládàpọ̀, inú ló bí i. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì Montẹsọ́rì tó ti ń ṣe olùkọ́ ní àdúgbò Alajo, ọkùnrin gìrìwò yìí kúnlẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì fún Tamílọ́rẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó mọ bọ́tìnnì de dáadáa!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ níbí."

"Auntie, kò ní tètè parí o. Ọkọ̀ trotro ò ní dúró dè mí."

"Ẹ máa lọ nígbà náà."

Kò lọ. Lójoojúmọ́ ni yóò bá ọmọ bu omi, yóò bá a ká aṣọ ìnulẹ̀, kódà ó gba ìgbálẹ̀ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹnu Lọ́pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n bí Ọládàpọ̀ bá tún gbé kóósé dé, àkàrà gbígbóná láti Nima, tó ní, "Auntie Lọ́pẹ́ mi, ẹ má bínú," ẹ̀rín ni yóò pa á. Ó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló tún ń bí i nínú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, ìyá Ọládàpọ̀ fárígá.

"Olùkọ́ tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ fọ abọ́? Yóò sọ ọmọ mi di ọmọ ọ̀dọ̀!"

Lọ́pẹ́ lọ kí wọn nílé wọn ní Lapaz lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n jẹ waakye, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tán. Tamílọ́rẹ gbé abọ́ tirẹ̀ lọ sí kíṣìnì. Ọládàpọ̀ ti tirẹ̀ síwájú, ni màmá, tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, bá dìde láti gbé e.

Ó sú Lọ́pẹ́ pátápátá.

"Màmá, ẹ má bínú. Dàpọ̀, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rìndínlógún ni mò ń tọ́ ní kíláàsì. Mi ò lè tọ́ ìkẹtàdínlógún nílé."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀!" ni màmá wí.

Ọládàpọ̀ gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wọ kíṣìnì. Wọ́n ń gbọ́ tí Tamílọ́rẹ ń kọ́ ọ: "Ẹ kọ́kọ́ ká apá aṣọ yín sókè." Kò pẹ́, abọ́ kan já bọ́, ó fọ́.

Màmá fò dìde. Lọ́pẹ́ ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá wọ kíṣìnì lọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn.

Màmá wo ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n sì rọra jókòó padà, wọ́n na ẹsẹ̀.

"Mi ò jókòó lẹ́yìn oúnjẹ báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó mi, ọjọ́ wo làwọn òbí ẹ máa ń wà nílé?"