Iná Pupa Inú Jíìpù Dádì

Olúwadùnsìn yọ gílóòbù kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù jíìpù bàbá rẹ̀ kí wọ́n má baà rí iná ìkìlọ̀ mọ́, lọ́jọ́ kejì jíìpù náà sì kọlu ògiri pẹ̀lú ìyá àgbà kan nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Openshaw, àdúgbò wọn nílùú òyìnbó, ilẹ̀ ṣì tutù. Dùnsìn dùbúlẹ̀ lórí páálí lábẹ́ jíìpù níwájú ilé wọn, sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, òróró dúdú lójú rẹ̀. Dámiláre, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Àwọn méjèèjì ń kọ́ iṣẹ́ mọ́tò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà.

Jíìpù náà ti gbó. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú síprín irin lẹ́yìn bíi ti ọkọ̀ mìíràn. Àpò rọ́bà méjì ló gbé ìdí rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ kan ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn. Rọ́bà náà ti sán. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìdí ọkọ̀ á ti wọlẹ̀ bí ìdí ajá tó jókòó, iná pupa kan á sì máa tàn níwájú awakọ̀. Gáréèjì kan ní Trafford Park sọ pé kí wọ́n ra àpò tuntun, tàbí kí wọ́n yọ àpò kúrò pátápátá, kí wọ́n fi síprín irin sí i. Dùnsìn ní òun á ṣe ti síprín náà fúnra òun.

Kì í ṣe nítorí bàbá rẹ̀ nìkan ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ọmọbìnrin ní kíláàsì wọn. Ethan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń bi í bóyá ó wá fọ ọkọ̀ ni. Ó ti fọ́nnu fún wọn pé òun á yí jíìpù bàbá òun padà láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun á sì ya fọ́tò rẹ̀ fún wọn.

Ìyá rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, kò fẹ́. Ó ní ọmọ tí kò tíì ṣe ìdánwò tán kò yẹ kó máa tú ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Philip, gbà, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan dè é.

"Bí o bá ṣe é tán tí iná pupa yẹn kú, ó parí nìyẹn," ó wí. "Bí kò bá kú, mò ń gbé e lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀."

Philip tún gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ní ìjọ wọn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá bàjẹ́, ó máa gbé e lọ síbi àdúrà. Bí ó bá dára, ó máa dìde jẹ́rìí.

Síprín ọwọ́ ọ̀tún wọlé dáadáa. Ti ọwọ́ òsì ló dá wàhálà sílẹ̀. Nọ́ọ̀tù gígùn kan wà tó yẹ kó wọ ihò kan, kó di ìdí síprín mú kó má baà fò yọ. Ìpẹtà ti jẹ ihò rẹ̀. Dùnsìn fi agbára yí i, ó sì kán sínú ihò.

"Ó ti kán," Dámiláre wí. "Dùnsìn, fi í sílẹ̀ báyẹn. Ká sọ fún ọ̀gá tó ń kọ́ wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Kí n lọ sọ fún ọ̀gá pé mo kán nọ́ọ̀tù? Kí àwọn Ethan máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Ethan ò ní wọ ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́."

"Ìwúwo ọkọ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níbo ló fẹ́ gbà lọ?"

"Tó bá fò ńkọ́? Tí táyà bá ti já sílẹ̀ báyìí, síprín ò ní nǹkan tó dì í mú mọ́. Á yọ."

"Ẹ̀rù ti ń bà ọ́ jù, Dámi. Bọ́ jáàkì sílẹ̀."

Dámiláre bọ́ jáàkì sílẹ̀. Jíìpù dúró gangan, ìdí rẹ̀ ga. Dùnsìn ya fọ́tò. Dámiláre fọ ọwọ́ rẹ̀, ó kí Philip lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kò sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tù.

Ṣùgbọ́n iná pupa kò kú. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ṣì ń wá afẹ́fẹ́ tí kò sí mọ́. Ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ lè sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé wọ́n ti yí ọkọ̀ padà. Gáréèjì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí gáréèjì bá gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n á rí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Dùnsìn jókòó sí ipò awakọ̀, ó tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa gílóòbù kékeré náà yọ, ó sì tì í bọ àpò. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó rò ó pé láàárín ọ̀sẹ̀ náà òun á yá irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ nọ́ọ̀tù tó kán, òun á ṣe é ní jẹ́ẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bí gbogbo ẹni tó fẹ́ pa irọ́ kékeré ṣe máa ń rò ó nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Philip yí kọ́kọ́rọ́. Iná kò tàn. Ó yí i padà, ó tún un yí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Nínú ọkọ̀ tó dára, iná ìkìlọ̀ máa ń tàn fìrí nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà á kú. Èyí kò tàn rárá. Dùnsìn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀.

"Ṣé ìwọ lo pa á?" ó bi í.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kó ti parí. Bó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á bínú, á gbé ọkọ̀ lọ sí gáréèjì, kò sì sí ẹni tó máa farapa.

"Ó kàn kú fúnra rẹ̀ ni, sà," ni Dùnsìn wí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí olórí ìsìn tó pe ẹlẹ́rìí, Philip ti dé iwájú. Ó sọ bí ìdí jíìpù ṣe ń wọlẹ̀, ó sọ ohun tí gáréèjì wí, ó sọ bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nínú òtútù. Ó wá sọ pé iná tí ẹ̀rọ tàn, Ọlọ́run ti pa á. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní kí Dùnsìn bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀, pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bi í níwájú gbogbo ìjọ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Gílóòbù náà ṣì wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ ń dán. Ta ni ọmọ tó máa dìde kó sọ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì pé irọ́ ni bàbá òun ń pa?

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó wí.

Nígbà tí ìsìn parí, Màmá Yéwándé wá bá wọn. Ìyá àgbà ni, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ní Eccles. Bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń rìn wọlé láìfọwọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́jọ́ yìí òun ò wọ bọ́ọ̀sì, jíìpù tí Ọlọ́run tún ṣe ló máa gbé òun lọ. Philip dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni Màmá jókòó sí. Dùnsìn jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́.

"Mẹkáníìkì mi," Màmá Yéwándé wí, ó na ọwọ́ gbá Dùnsìn nítan. "Ọkọ tó bá fẹ́ ọ ti bọ́ lọ́wọ́ gáréèjì. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ọbẹ̀ sè?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Ojú rẹ ò jọ ti ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè."

Philip rẹ́rìn-ín. Dùnsìn kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ìjókòó Màmá. Kó. Kó. Bí ọkọ̀ bá gun ojú ọ̀nà tó wú, ohùn náà á tún dún. Ó mọ ohun tó ń dún. Síprín ti ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀.

"Dádì," ó wí.

Philip ti ń kọrin. Ó dánu dúró. "Kí ni?"

Màmá Yéwándé yíjú sí i. Lọ́kàn rẹ̀, Dùnsìn rí ojú pásítọ̀, ó rí àtẹ́wọ́, ó rí Ethan. Bó bá ní kí wọ́n dúró, á ní láti sọ ìdí rẹ̀.

"Kò sí nǹkan, sà."

Philip padà sídìí orin rẹ̀. Wọ́n yà sí àdúgbò Màmá ní Eccles. Wọ́n ti kọ́ òkìtì kéékèèké sójú ọ̀nà níbẹ̀ kí àwọn awakọ̀ má baà sáré. Philip kò rí àkọ́kọ́ lásìkò, ó gùn ún kíkankíkan. Ìdí ọkọ̀ fò sókè. Táyà ẹ̀yìn já sílẹ̀, síprín yọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì wó lulẹ̀ lápá òsì. Ọkọ̀ yà bàrá. Philip fa ìdarí, ó tẹ bírékì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òsì ti lọ gbá ògiri ọgbà ilé kan. Ilẹ̀kùn tẹ̀ wọlé lu Màmá Yéwándé.

Kò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ mi dà? Dùnsìn, bá mi wo ẹsẹ̀ mi."

Ní ọsibítù, dókítà sọ pé egungun ìbàdí ìyá náà ti ṣẹ́, àwọn ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn ará ìjọ dé. Wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹnì kan ní ìjà ọ̀tá ni, pé èṣù kò fẹ́ràn ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ láàárọ̀. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Philip fúnra rẹ̀ gbàdúrà.

"Ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí," Philip bẹ̀rẹ̀, "tó fẹ́ fi ọkọ̀ mi pa ìyá oníyàá, Olúwa, ibi yòówù kó sá pamọ́ sí, kí ọwọ́ rẹ..."

"Dádì, ẹ má ṣépè yẹn." Dùnsìn ti di aṣọ rẹ̀ mú. "Èmi ni."

Philip la ojú. "Ìwọ ni kí ni?"

Ó mú gílóòbù jáde lápò, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀tù tó kán, ohun tí Dámiláre wí, ohùn tó ń dún lábẹ́ ìjókòó. Obìnrin kan tó di Dùnsìn lọ́wọ́ mú tẹ́lẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí o pè mí nínú ọkọ̀," Philip wí, "ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò gbá a. Kò bú u. Ó lọ jókòó sórí àga kan, ó ń yí gílóòbù náà lọ́wọ́.

Ọlọ́pàá gbé jíìpù lọ, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì rí ihò tí nọ́ọ̀tù kán sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jẹ́ kí Dùnsìn fọwọ́ kan ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ethan kò tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí kò rò nìyẹn. Ethan, tí Dùnsìn torí ẹ̀rín rẹ̀ pa ẹnu mọ́, ti gbàgbé ọ̀rọ̀ jíìpù pátápátá.

Ó lọ kí Màmá Yéwándé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

"O mọ̀," ìyá náà wí. "Má fi ẹkún bá mi sọ ọ́. Ìbàdí mi ń ro mí. Dìde, bu omi fún mi."

Dùnsìn bu omi fún un. Títí di òní, ìyá náà kò lè rìn láìgbé ara lé ọ̀pá irin.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí gbọ́ ọ kedere. Iná ìkìlọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀. Ẹni tó pa á kò tún ohunkóhun ṣe, ojú awakọ̀ ló fọ́. Nọ́ọ̀tù tó kán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nọ́ọ̀tù gbogbo ayé ń kán. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ìtìjú rẹ̀ ṣì kéré, torí bí irọ́ bá bọ́ sẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa san án.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìjàǹbá náà, Philip padà síwájú ìjọ, ó sọ fún wọn pé ẹ̀rí tí òun jẹ́ kì í ṣe òtítọ́. Ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó yá, Morẹ́nikẹ́ rí iṣẹ́ tó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dùnsìn pàápàá ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Morẹ́nikẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ Philip pé kó dìde, kó lọ dúpẹ́.

"Ìwọ lọ," Philip wí. "Bí mo bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n máa rántí."

Ọkùnrin tó máa ń dé iwájú kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí jókòó síbi tó wà, ó ń wo bàtà rẹ̀. Kò tíì jẹ́rìí mọ́ láti ìgbà náà.