Ìwé Ogún Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Dán

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Zoraida Lazo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ àgbà ní ìlú Arequipa, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ yángayànga. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ọgbẹ́ kankan. Owó inú agolo kò dín. Fóònù tó so mọ́ iná lára ògiri ṣì ń gba iná lọ.

Inspẹ́kítọ̀ Nélida Quicaña ni wọ́n rán wá. Obìnrin kúkúrú ni, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó gbé nǹkan ka iná nílé. Ó wo àgádágodo, kò bàjẹ́: ẹni tó wọlé ní kọ́kọ́rọ́. Ó wo òòlù, ti inú ṣọ́ọ̀bù náà ni. Lójú tirẹ̀, olè tó bá fọ́ kọ̀ǹpútà tó lè tà kò wá jalè rárá. Nǹkan kan ló wá pa rẹ́.

Ó bi Zoraida léèrè ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà.

"Iṣẹ́ ni, Ọ̀gá. Iṣẹ́ lásán." Ọmọbìnrin náà kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe àjèjì sí ará ìlú. Ogójì ọdún ni Don Hermógenes Tejada, bàbá àgbà náà, fi ń fi gègé àti tàdáwà kọ ìwé ẹ̀rí fún àwọn ọmọ tó bá jáde níléèwé. Àwọn òbí ń san owó lé e nítorí pé ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Oṣù kan ni ó ti kú. Zoraida ló tọ́jú rẹ̀ títí dé òpin, nítorí ìyá ọmọ náà ti ṣáájú lọ.

Abelardo Huaco, tó ń tẹ káàdì ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, wà nídìí àwo ọbẹ̀ àdóbò rẹ̀ nígbà tí Nélida wọlé tọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ó wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé Wilber, ọmọkùnrin olóògbé náà, ti gbé ìwé ogún kan lọ sílé ẹjọ́. Ìwé náà ní Wilber ni kó jogún gbogbo ilé, kí Zoraida má gba nǹkan kan, torí pé ó máa ń na bàbá àgbà, ó sì ń fi ebi pa á. Òfin ibẹ̀ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, kìkì pé kí ẹni tó ni ogún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ Ẹtì ni adájọ́ yóò wo ọ̀rọ̀ náà. Bó bá gbà á wọlé, Zoraida yóò di aláìnílé, yóò sì di ẹni tó na bàbá rẹ̀ àgbà lójú gbogbo ìlú.

"Ṣé ó nà wọ́n lóòótọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn lẹ́nu..." Abelardo yára bu ọbẹ̀ sẹ́nu.

"Kí ló dé tó fi ń bọ́ wọn lẹ́nu?"

Ó ní ọbẹ̀ òun ń tutù.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ilé ẹjọ́ gbé ìwé ogún náà síwájú Nélida. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ìlà rẹ̀ sì tọ́. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni déètì tó wà lórí rẹ̀. Nélida yí i padà, ó sì fi ìka rọra ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dán, àfi ní abẹ́ ìbuwọ́lùwé, àti ní abẹ́ gbogbo ibi tí ñ wà. Ñ ni n tó dé fìlà, ìlà wíwọ́ kékeré kan báyìí. Àwọn ará ibẹ̀ kò lè kọ "ọdún" ní èdè wọn láìlò ó. Lára ñ kọ̀ọ̀kan, fìlà nìkan ni bíírò ti tẹ̀ wọ inú bébà.

Nígbà tó délé, ó tú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kúrò nínú férémù, èyí tí Don Hermógenes kọ fún un ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ara ọmọ tí ooru yọ sí. Ó lọ yá ti ọmọ aládùúgbò, tó jáde lọ́dún tó kọjá. Èyí dán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ñ inú rẹ̀ náà dán. Èyí kò dùn mọ́ Inspẹ́kítọ̀ nínú. Ó fẹ́ràn ìwé ara ògiri rẹ̀ yẹn.

Ó padà sọ́dọ̀ Zoraida, ó tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ọdún méjì ni ọwọ́ bàbá àgbà ti ń gbọ̀n. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá dá, Zoraida á gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó á sì kọ lẹ́tà kan tàbí méjì. Ọmọ náà ya wọ́n ní fọ́tò, ó sọ wọ́n di fọ́ǹtì, ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, tó bá ṣí ètò ìkọ̀wé, tó tẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, tó sì yan ọwọ́ bàbá àgbà láàárín àwọn fọ́ǹtì yòókù, bí ẹni pé bàbá ló kọ ọ́ ló máa ń jáde. Wọn kò sọ fún iléèwé kankan.

"Àtẹ lẹ́tà tí mo fi kọ́kọ́ ṣe fọ́ǹtì náà, òkè òkun ló ti wá, kò ní àyè fún ñ. Tí mo bá tẹ ñ, kọ̀ǹpútà á lọ yá òmíràn wá látinú fọ́ǹtì mìíràn." Ẹni tó bá ti tẹ ẹ àti ọ tiwa rí lórí ẹ̀rọ mọ irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. "Bàbá àgbà ní ẹ̀rọ yìí ò mọ orúkọ ìyá òun, torí ñ wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ñ fún mi, mo fi kún un, mo sì gbé tuntun sórí kọ̀ǹpútà."

"Ta ló ní èyí tí kò ní ñ?"

"Àbúrò ìyá mi, Wilber. Wọ́n gbà á fún ìwé ìpè ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Don Abelardo gba tuntun."

Nélida bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti oṣù kan. Zoraida ní bàbá àgbà ti bẹ òun kó tó kú pé kí òun má jẹ́ kí ìlú mọ̀.

Nígbà tí Nélida tún tọ Abelardo lọ, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ mọ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ ojú ìwé kan jáde. Ñ ibẹ̀ pé, tòun ti fìlà rẹ̀.

Ó ku Wilber. Ó ń darí iléèwé ìwakọ̀ kan, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó bu kọfí fún Inspẹ́kítọ̀, ó káàánú kọ̀ǹpútà tó fọ́, ó sì mi orí nítorí Zoraida. "Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, Ọ̀gá, òun náà ò ní fojú kan oorun."

Ìwé ìpè ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára ògiri: ayẹyẹ ọdún márùndínlógún. Nélida yin ọwọ́ ìkọ̀wé náà.

"Ọwọ́ bàbá mi ni," Wilber wí. "Ọgọ́ta ni wọ́n kọ." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó mú ọ̀kan láti inú dúrọ́ọ̀ fún un.

Nélida kò tí ì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó ti fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó pe Wilber àti Abelardo sí ṣọ́ọ̀bù Zoraida. Ó ní kí Wilber fi ìka tirẹ̀ ra ẹ̀yìn ìwé ìpè náà.

"Ẹ̀rọ ló tẹ gbogbo rẹ̀," Nélida wí. "Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì tí ẹ ní kò ní ñ. Ẹ tẹ n lásán, ẹ fi bíírò dé e ní fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ọgọ́ta káàdì. Ó mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ ń ṣe ìwé ogún, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe, ẹ sì fara wé ìbuwọ́lùwé bàbá yín. Zoraida ì bá tẹ ñ tó pé. Abelardo náà ì bá tẹ ñ tó pé. Ẹ̀yin nìkan ni fìlà ṣòro fún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá yín wọlé, ẹ fọ́ kọ̀ǹpútà, kí fọ́ǹtì náà lè parẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé ẹnìkan ní ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí."

Wilber yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Zoraida ló kọjú sí.

"Lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́. Sọ pé òpùrọ́ ni bàbá mi títí wọ́n fi kú, pé ẹ̀rọ ló kọ ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ ìlú. Jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Nélida kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Wilber lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkùnrin náà rí ọ̀rọ̀ sọ. Yàtọ̀ sí Zoraida, kò sí ẹni tó lè sọ fún adájọ́ bí fọ́ǹtì náà ṣe wáyé. Nélida kò rọ ọmọbìnrin náà, kò sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá iléèwé mẹ́ta jókòó sẹ́yìn nílé ẹjọ́. Zoraida rí wọn. Ó dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ọwọ́ tó ń gbọ̀n dé orí ñ, kò sì fi ọ̀kan pamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléèwé náà dìde, ó jáde. Adájọ́ bi Zoraida léèrè ìdí tó fi dákẹ́ tó báyìí.

"Bàbá àgbà ní kí n má sọ ọ́," ó wí. "Tó bá ṣe pé ilé nìkan ni, ǹ bá ti jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọ̀nyẹn, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú tí wọ́n fi kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn náà ni àbúrò ìyá mi wá fi kọ ọ́ pé mo na bàbá àgbà."

Ó jókòó. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ti ìwé ogún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: kò gbà á wọlé.